Snow blower wo ló yẹ ẹni tó ń kó lọ sí agbègbè oníyìnyín?

Arìnrìnàjò béèrè pé:

Mo kí gbogbo yín o. Kí ìgbà òtútù tó ń bọ̀ yìí tó wọlé, èmi àti ẹbí mi yóò ti kó lọ sí agbègbè kan tí yìnyín ti máa ń bọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù lọ́dún, mo sì fẹ́ ra ẹ̀rọ tí a fi ń kó yìnyín kúrò lójú ọ̀nà. N kò lo irú rẹ̀ rí. Ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà wọ ilé tí a gbà náà gùn tó 20 mítà, ó sì fẹ̀ débi pé ọkọ̀ méjì lè dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Iwájú ilé gan-an jẹ́ kọ̀ǹkéré, ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí ìyókù títí dé etí títì. Nínú gbogbo ìpolówó tí mo ń kà, agbára ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń pariwo rẹ̀. Ṣé òun náà ló yẹ kí n wò ni, àbí nǹkan mìíràn wà tó ṣe pàtàkì jù ú lọ? Ẹ̀yìn máa ń dùn mí, nítorí náà n kò lè gbára lé ṣọ́bìrì nìkan.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ fèsì pé:

Ẹ fi ọ̀rọ̀ agbára ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ná, ilẹ̀ tí yìnyín yóò bọ́ lé lórí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Òkúta wẹ́wẹ́ tí ẹ mẹ́nu kàn yẹn ti dáhùn ìdajì ìbéèrè yín.

Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀ jù. Nínú èyí tí wọ́n ń kọ single-stage sí lára, irin yíyí kan ṣoṣo tí wọ́n fi rọ́bà sí létí ló ń gbá yìnyín, òun kan náà ló sì ń jù ú gba ọ̀fun ẹ̀rọ jáde. Rọ́bà yẹn máa ń fara kan ilẹ̀ bó ṣe ń yí, ìdí nìyẹn tó fi ń gbá kọ̀ǹkéré mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá tì í dé orí òkúta wẹ́wẹ́, òkúta ni yóò máa jù káàkiri, ó sì lè fọ́ fèrèsé tàbí kí ó ṣe ọmọlọ́mọ léṣe. Ó fúyẹ́, kò gba àyè púpọ̀, ó sì dára fún yìnyín tí kò jìn ju nǹkan bí 20 sẹ̀ǹtímítà lọ. Nínú èyí tí wọ́n ń pè ní two-stage, irin eléyín tó wà níwájú kì í kan ilẹ̀: yóò gé yìnyín, yóò wọ́ ọ lọ sí àárín, abẹ̀bẹ̀ irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ yóò sì fẹ́ ẹ jáde. Ẹ́ńjìnnì ló ń yí táyà rẹ̀, nítorí náà ẹ̀yìn yín kò ní ṣe iṣẹ́ àtitì. Ní ọ̀tún àti òsì ẹnu rẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè. Bí ẹ bá tú nọ́ọ̀tì yẹn tí ẹ sì sọ irin náà wálẹ̀ díẹ̀, ẹnu ẹ̀rọ yóò gbé sókè kúrò lórí òkúta. Yìnyín tín-ínrín tó bá ṣẹ́ kù sílẹ̀ yóò le, òun ni yóò sì di ojú ọ̀nà yín títí ìgbà òtútù yóò fi parí.

Nǹkan kejì tí ìpolówó kì í sọ ni ẹnu ọ̀nà. Nígbà tí ọkọ̀ tó ń gbá títì bá kọjá, gbogbo ohun tó wọ́ ni yóò tò jọ sí ibi tí ọ̀nà yín ti pàdé títì. Yìnyín tuntun tó gbẹ lè má tó 100 kìlógíráàmù nínú àyè tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan, tó sì ga ní mítà kan. Òkìtì tó ti rin, tí wọ́n ti tẹ̀ mọ́ra, lè ju 400 lọ. Òkìtì yẹn ni kí ẹ fi wọn ẹ̀rọ tí ẹ fẹ́ rà, kì í ṣe èyí tó rọ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ sí iwájú ilé. Ní tèmi, two-stage tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 60 sí 70 sẹ̀ǹtímítà tó yín. Èyí tó bá fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ yóò ṣòro láti yí padà, ó sì lè má gba ẹnu ilẹ̀kùn ibi tí ẹ fẹ́ gbé e pamọ́ sí.

Ìyá Ìbejì fèsì pé:

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ òkúta wẹ́wẹ́ yẹn, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀rọ oníbẹntiróòlù dẹ́rù bà yín bí ẹni pé òun nìkan ló wà. Oníbátìrì ni mò ń lò. Ariwo rẹ̀ kò pọ̀, kò ní kábúrétọ̀ tí yóò dí, bọ́tìnì ni mo sì ń tẹ̀ tó fi ń ṣiṣẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé òtútù máa ń dín agbára bátìrì kù, nítorí náà inú ilé ni kí bátìrì máa sùn, kí ẹ má sì ṣe cháàjì rẹ̀ níbi tí òtútù ti mú tó láti sọ omi di yìnyín. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ọ̀nà tèmi kúrú, kọ̀ǹkéré sì ni gbogbo rẹ̀.

Ọmọ Àgbẹ̀dẹ fèsì pé:

Ìyá Ìbejì, òótọ́ lẹ sọ nípa kábúrétọ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀nà tó gùn tó 20 mítà, pẹ̀lú òkìtì ẹnu ọ̀nà, bátìrì lè tán lẹ́nu iṣẹ́ bí kò bá sí òmíràn tó ti gba iná dúró. Bẹntiróòlù ni n ó rà bí ó bá jẹ́ èmi, èyí tí a kì í po ọ́ìlì mọ́ epo rẹ̀, tí ó sì ní wáyà tí a lè fi sí iná ilé láti fi tan ẹ́ńjìnnì, nítorí àtifa okùn nínú òtútù kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Bí ìgbà òtútù bá parí, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì jó epo inú rẹ̀ tán, torí epo tó bá pẹ́ nínú kábúrétọ̀ máa ń di oje tó ń lẹ̀ mọ́ra. Ẹ má sì ṣe tan án nínú ilé ọkọ̀, kódà bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Gáàsì olóró tó wà nínú èéfín rẹ̀ ń pa èèyàn láìsí òórùn.

Arìnrìnàjò fèsì pé:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ó hàn sí mi báyìí pé two-stage oníbẹntiróòlù ni. Ó ku ọ̀kan: mo gbọ́ pé yìnyín tó rin máa ń dí ọ̀fun ẹ̀rọ. Kí ni kí n ṣe bó bá dí?

Bàbá Awakọ̀ fèsì pé:

Ẹ má ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láéláé. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti pàdánù ìka. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dúró kí gbogbo irin dákẹ́, kí ẹ wá fi igi tàbí ọ̀pá tó bá ẹ̀rọ wá tú u. Kódà lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì bá ti kú, abẹ̀bẹ̀ tó há lè ṣì yí lẹ́ẹ̀kan bí ohun tó dí i bá ṣí, ìyẹn ló fi jẹ́ pé ọ̀pá la ń lò. Ọ̀nà tí kì í fi í dí ni pé kí ẹ jáde nígbà tí yìnyín ṣì ń bọ́, kí ẹ kó o díẹ̀díẹ̀, kí ẹ má dúró dìgbà tí oòrùn bá sọ ọ́ di ẹrẹ̀. Ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí ni kí ẹ máa tú u sí, àfi bí ẹ bá fẹ́ fi ojú gbà á.

Láti ìgbà tí Arthur Sicard ti ṣe irú ẹ̀rọ yìí ní Kánádà ní 1925, orí ọkọ̀ akẹ́rù ló sì gbé tirẹ̀ sí nígbà náà, ìṣòro kan náà ló ń bá a fínra: ohun líle tó fara pamọ́ sínú yìnyín. Nítorí rẹ̀ ni àwọn tó ń ṣe é fi fi bóòtì rírọ̀ de irin iwájú mọ́ ọ̀pá rẹ̀, kí bóòtì náà lè ṣẹ́ kí gíà tó bàjẹ́. Ẹ ra mélòó kan pamọ́ pẹ̀lú ẹ̀rọ náà, irú èyí tí ìwé rẹ̀ dárúkọ, ẹ má sì fi bóòtì líle rọ́pò rẹ̀, torí gíà ni yóò ṣẹ́ dípò rẹ̀.