Báwo ló ṣe yẹ kí apá ọrun tí mo fẹ́ gbẹ́ fẹ̀ tó?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó ń gbẹ́ ọrun. Pákó igi hickory kan wà lọ́wọ́ mi níbí ní Amẹ́ríkà, tó gùn ní íǹṣì 68, tó sì fẹ̀ ní íǹṣì 2, mo sì fẹ́ fi gbẹ́ ọrun tí agbára tí mo máa fi fà á yóò jẹ́ pọ́n-ùn 45 nígbà tí mo bá fà á dé íǹṣì 28.

Ọrun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ló ń bà mí lẹ́rù. Íǹṣì 1¼ péré ni ibú apá rẹ̀, mo wá jẹ́ kó nípọn kó lè le. Kò pẹ́ tí inú rẹ̀, níbi tó kọjú sí ẹni tó ń ta á, fi bẹ̀rẹ̀ sí í hunjọ ní ìlà tín-ín-rín, bí mo bá sì tú ọsán, yóò ṣì tẹ̀ ní íǹṣì 3. Ọsán kò já, ṣùgbọ́n ọrun ti dọ̀pá. Ẹ̀yìn hickory kì í tètè ya. Inú rẹ̀ ni kì í gba ìfúnpọ̀, pàápàá bí igi náà kò bá gbẹ dáadáa.

Mo mọ̀ pé bí a bá sọ ibú di ìlọ́po 2, líle apá yóò di ìlọ́po 2, nígbà tó jẹ́ pé ìlọ́po 8 ni bó bá jẹ́ nínípọn la sọ di ìlọ́po 2, nítorí náà apá pẹlẹbẹ tó fẹ̀ ló wù mí. Àmọ́ bí ṣóńṣó rẹ̀ bá wúwo, ọfà kò ní yára.

Ṣé kí n fi íǹṣì 2 sílẹ̀ títí dé ìdajì apá, kí n tó máa dín in kù sí ìdajì íǹṣì ní ṣóńṣó, àbí íǹṣì 1¾ ti tó?