Fọ́ọ̀mù tí oníbàárà yóò fi béèrè iye owó iṣẹ́ lórí ìkànnì: kí ló yẹ kí ó wà nínú rẹ̀?

Akunlé

Mo kí gbogbo yín, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ọ̀dà kíkùn ni èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi mẹ́rin ń ṣe, nínú ilé àti lára ògiri ìta. A ní ìkànnì kan tí a fi WordPress ṣe, ṣùgbọ́n nọ́ńbà fóònù nìkan ni ènìyàn lè fi bá wa sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Orí àkàbà ni mo sì máa ń wà nígbà tí wọ́n bá pè, búrọ́ọ̀ṣì á wà lọ́wọ́ kan, garawa ọ̀dà á wà lọ́wọ́ kejì, nígbà tí mo bá fi máa sọ̀kalẹ̀ kí n pe ẹni náà padà, ó ti bá ẹlòmíràn dúnàádúrà. Àwọn tí mo bá tilẹ̀ gbé ìpè wọn, èló ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń béèrè, láìtíì sọ iye yàrá tí wọ́n fẹ́ kùn.

Mo fẹ́ fi fọ́ọ̀mù kan síbẹ̀, kí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ iye owó iṣẹ́ lè kọ ohun tí ó fẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, kí èmi náà lè jókòó lálẹ́, kí n fara balẹ̀ dá a lóhùn. Mo ti kọ àwọn ìbéèrè tí mo rò pé ó yẹ kí ó wà nínú rẹ̀, wọ́n sì jẹ́ 23: orúkọ, àdírẹ́sì, fóònù, ímeèlì, iye yàrá, gígùn àti gíga ògiri kọ̀ọ̀kan, irú ọ̀dà tí ó wà lára ògiri tẹ́lẹ̀, ọdún tí wọ́n kùn ún kẹ́yìn, àwọ̀ tí wọ́n fẹ́, iye owó tí wọ́n ní lọ́kàn láti ná, bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa wa, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàwó mi kà á, ó ní òun kò ní dé ìdajì rẹ̀ kí òun tó pa á tì. Mo gbà pé ó gùn, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí pé bí mo bá yọ nínú wọn, iye tí mo bá dá kò ní bá iṣẹ́ náà mu.

Àwọn wo ni kí n fi sílẹ̀, àwọn wo ni kí n yọ? Ṣé ó dára kí ìkànnì fúnra rẹ̀ ṣírò owó náà kí ó sì sọ ọ́ fún oníbàárà lójú ẹsẹ̀? Kí ni mo sì lè ṣe tí ohun tí wọ́n bá kọ kò fi ní sọnù kí ó tó dé ọ̀dọ̀ mi?

Aṣèkànnì

Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ìyàwó yín ti dáhùn ìbéèrè yín àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí n kàn fi díẹ̀ kún un.

Ṣé ẹ máa ń kun ilé ẹnikẹ́ni láìjẹ́ pé ẹ kọ́kọ́ lọ fojú rí ògiri rẹ̀? Bí ẹ bá máa ń lọ wò ó kí ẹ tó dá iye tí ẹ ó dì mú, a jẹ́ pé ohun tí ẹ nílò láti inú fọ́ọ̀mù náà kò pọ̀ rárá: kí ẹ mọ̀ bóyá iṣẹ́ náà jẹ́ irú èyí tí ẹ ń ṣe, kí ẹ mọ bí ó ti tóbi tó, kí ẹ sì mọ ibi tí ẹ ó ti rí ẹni tí ó ni ín. Ìbéèrè tí ìdáhùn rẹ̀ kò bá ní yí ohun tí ẹ máa kọ padà sí oníbàárà ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹ yọ ọ́.

Ẹ wo gígùn àti gíga ògiri kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí ó jókòó sórí àga pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ kò ní tépù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Yóò dúró, yóò ní òun ń bọ̀ wá wọ̀n ọ́n, kò sì ní padà mọ́. Iye yàrá àti àwòrán méjì tàbí mẹ́ta tó fún yín láti fojú díwọ̀n. Irú ọ̀dà àtijọ́ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ onílé kò mọ̀ ọ́n, yóò wulẹ̀ méfò ni, èméfò yẹn yóò sì ṣì yín lọ́nà. Ẹ̀yin fúnra yín máa fọwọ́ kàn án tí ẹ bá débẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí n kò rí nínú èyí tí ẹ kọ síbí yìí, tí èmi ìbá sì fi sí iwájú: ṣé ògiri náà ti là, ṣé ọ̀rinrin wà lára rẹ̀, tàbí ṣé ọ̀dà rẹ̀ ti ń bó? Ẹ̀yin ni ẹ mọ̀ jù mí lọ pé híhọ àti dídí ògiri lè gba ọjọ́ púpọ̀ ju kíkùn rẹ̀ lọ, onílé sì lè dáhùn èyí láìdìde lórí àga.

Ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà ṣe pàtàkì. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù ni ọ̀pọ̀ fọ́ọ̀mù máa ń kọ́kọ́ béèrè, bí ìgbà tí ènìyàn dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì tí a ní kí ó kọ orúkọ sínú ìwé kí a tó bi í pé kí ló wá ṣe. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ sọ iṣẹ́ tí ó bá wá: “Kí ni ẹ fẹ́ kí a bá yín kùn?” Lẹ́yìn náà ni kí ẹ béèrè bóyá inú ilé ni tàbí ìta, iye yàrá, ipò ògiri, ìgbà tí ó fẹ́ kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, àdúgbò tí ilé náà wà, àti àwòrán. Orúkọ àti fóònù tàbí ímeèlì ni kí ó gbẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú méjèèjì tó, ẹ má fi dandan mú un kí ó fún yín ní méjèèjì. Bí ó ṣe gbọ́ nípa yín, ẹ bi í lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Àwọn ohun kéékèèké kan tún wà tí ó máa ń lé ènìyàn sá. Ẹ kọ orúkọ àpótí kọ̀ọ̀kan sí òkè rẹ̀, ẹ má kọ ọ́ sínú rẹ̀ ní àwọ̀ fífẹ́rẹ́ tí ó máa ń pòórá tí ènìyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀wé, nítorí ẹni tí ọmọ bá pè láàárín yóò gbàgbé ohun tí àpótí náà ń béèrè. Ẹ lo type="tel" fún àpótí fóònù kí àtẹ nọ́ńbà lè jáde, kí ìwọ̀n lẹ́tà inú àwọn àpótí má sì kéré sí 16px, torí tí ó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ, iPhone yóò fa ojú ìwé náà tóbi fúnra rẹ̀, apá kan fọ́ọ̀mù á sì bọ́ sí ìta. Bí oníbàárà bá ṣe àṣìṣe, ẹ fi àṣìṣe náà hàn án ní ibi tí ó wà gan-an, kí gbogbo ìyókù tí ó ti kọ sì wà níbẹ̀ bí ó ṣe fi í sílẹ̀.

Olùtọ́jú Sáfà

Ohun tí Aṣèkànnì sọ dára púpọ̀. Ìbéèrè kẹta yín ni èmi fẹ́ dáhùn, nítorí ó ti dùn mí rí.

Mo bá ilé iṣẹ́ kan tún ìkànnì rẹ̀ ṣe nígbà kan. Fọ́ọ̀mù ń ṣiṣẹ́, ojú ìwé ọpẹ́ ń jáde, inú gbogbo wa dùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá kí oníbàárà kan tó pè láti fi ìbínú béèrè ìdí tí wọn kò fi dá òun lóhùn. A wá yẹ̀ ẹ́ wò, a sì rí i pé ìdajì àwọn ìbéèrè náà kò wọlé rárá. Èmi ni mo jẹ̀bi. Mo ti ṣètò fọ́ọ̀mù náà kí ímeèlì tí ó ń fi ránṣẹ́ máa gbé àdírẹ́sì oníbàárà ní ipò From, ìyẹn ibi tí a ń kọ ẹni tí lẹ́tà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wá sí, kí ó lè rọrùn láti fèsì. Láti oṣù kẹrin ọdún 2014 ni Yahoo ti kéde nípasẹ̀ DMARC, ìlànà tí ẹni tí ó ni domain fi ń sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe sí ayédèrú lẹ́tà, pé lẹ́tà tí ó bá gbé àdírẹ́sì Yahoo, tí kò sì ti ọ̀dọ̀ Yahoo jáde, kí àwọn tí ó bá gbà á dá a padà. AOL tẹ̀ lé wọn nínú oṣù yẹn kan náà. Sáfà wa, kọ̀ǹpútà tí ìkànnì náà wà lórí rẹ̀, ń fi orúkọ ẹlòmíràn kọ lẹ́tà, wọ́n sì ń dá a padà bí wọ́n ṣe ṣèlérí.

Nítorí náà, kí From jẹ́ àdírẹ́sì kan lórí domain tiyín, ìyẹn orúkọ ìkànnì yín, kí àdírẹ́sì oníbàárà sì wà ní Reply-To, ibi tí èsì yóò lọ. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì ìfèsì, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni yóò ṣì lọ. Ẹ ṣètò SPF àti DKIM, ètò méjì tí ó ń jẹ́rìí pé ọ̀dọ̀ yín ni lẹ́tà ti wá lóòótọ́, fún domain yín, nítorí láti oṣù kejì ọdún 2024, Gmail ń fẹ́ kí gbogbo ẹni tí ń kọ lẹ́tà sí i ní, ó kéré tán, ọ̀kan nínú méjèèjì. Ẹ sì jẹ́ kí lẹ́tà náà gba ọ̀nà SMTP, ìlànà tí a fi ń fi ímeèlì ránṣẹ́, èyí tí a fi ọ̀rọ̀ aṣínà wọlé sí.

Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ má fi ọkàn tán ímeèlì. Ẹ jẹ́ kí ìkànnì fúnra rẹ̀ tọ́jú ẹ̀dà ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Contact Form 7, tí ọ̀pọ̀ ń lò lórí WordPress, kì í tọ́jú ohunkóhun fúnra rẹ̀: tí ímeèlì bá sọnù, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí ó ṣe é náà ló ṣe Flamingo, tí ó ń bá a tọ́jú wọn, ẹ fi méjèèjì sí i pọ̀.

Ọ̀rọ̀ àwòrán ṣẹ́kù. PHP, èdè kọ̀ǹpútà tí a fi kọ WordPress, kì í gba fáìlì tí ó ju 2MB lọ bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, kì í sì í gba àpapọ̀ tí ó ju 8MB lọ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ àwòrán kan ṣoṣo láti inú fóònù òde òní lè ju 2MB lọ dáadáa. Èyí tí ó burú jù ni pé tí àpapọ̀ bá ti ju post_max_size (òdiwọ̀n 8MB yẹn) lọ, ohun gbogbo tí oníbàárà kọ ni yóò dé ọ̀dọ̀ PHP ní òfìfo, ìkànnì yóò sì wá máa sọ fún ẹni tí ó ti kọ orúkọ rẹ̀ pé kò kọ orúkọ. Ẹ bá àwọn tí ó gba ìkànnì yín sílé sọ̀rọ̀ kí wọ́n gbé ìwọ̀n náà sókè, kí ẹ sì kọ ìwọ̀n tí ẹ lè gbà sí abẹ́ àpótí àwòrán.

Onímọ́tótó

Iṣẹ́ ilé títọ́jú ni èmi ń ṣe ní tèmi, mo sì fi ìṣirò owó alára rẹ̀ sórí ìkànnì mi fún odidi ọdún kan. Mo ti yọ ọ́. Ẹni tí ìkànnì bá sọ iye kan fún ti gbà pé mo ti ṣèlérí nìyẹn, bí mo bá sì débẹ̀ tí mo bá ilé ìdáná tí ọ̀rá ti dì mọ́ ara ògiri, ọ̀rọ̀ á di àríyànjiyàn lẹ́nu ọ̀nà, níwájú àwọn òṣìṣẹ́ mi. Iye tí ó kéré jù àti èyí tí ó pọ̀ jù fún irú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ni mo kọ sórí ìkànnì báyìí, pẹ̀lú gbólóhùn kan pé lẹ́yìn àbẹ̀wò ni a ó tó dá iye pàtó.

Ibì kan tí èmi kò ti fara mọ́ yín ni pé mo ṣì ń béèrè iye owó tí oníbàárà fẹ́ ná, láìfi dandan mú un. Ẹni tí kò bá fẹ́ dáhùn á fò ó. Àwọn tí ó bá dáhùn ń jẹ́ kí n mọ̀ bóyá kí n sọ fún wọn pé kí a ṣe apá kan ná.

Kí ẹ sì sọ ìgbà tí ẹ ó fèsì, kí ẹ mú un ṣẹ. “A ó dá yín lóhùn kí ọjọ́ iṣẹ́ tí ó kàn tó parí” dára ju ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ ọpẹ́ lọ, nítorí ẹni tí kò mọ ìgbà tí ẹ ó fèsì yóò lọ kún fọ́ọ̀mù ẹni mẹ́ta mìíràn.

Akunlé

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gidigidi. Ìbéèrè 23 ti di 9. Mo fi ti iye owó sí i láìfi ṣe dandan, bí Onímọ́tótó ṣe sọ. Ó ku nǹkan méjì: ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn róbọ́ọ̀tì yóò máa da lẹ́tà àwúrúju sínú fọ́ọ̀mù náà, mo sì tún fẹ́ mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe sí àwòrán inú ilé àwọn tí kò gbé iṣẹ́ fún wa.

Olùtọ́jú Sáfà

Fún àwúrúju, ẹ kọ́kọ́ fi àpótí kan sí i tí ènìyàn kò ní rí, ṣùgbọ́n tí róbọ́ọ̀tì yóò rí tí yóò sì kọ nǹkan sínú rẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí àpótí yẹn kò bá ṣófo, kí sáfà yà á sọ́tọ̀. Ẹ ṣètò rẹ̀ kí ẹ̀rọ tí ń ka ojú ìwé fún àwọn afọ́jú lè fò ó, kí bọ́tìnnì Tab má sì dé ibẹ̀. Bí èyí kò bá tó ni kí ẹ tó ronú kan CAPTCHA, ìdánwò tí ènìyàn fi ń fi hàn pé òun kì í ṣe róbọ́ọ̀tì, nítorí ó ń ni àwọn tí ó fẹ́ gbé iṣẹ́ fún yín lára.

Ní ti àwòrán, ẹ pa wọ́n rẹ́. Àwòrán inú yàrá ẹni ń fi ilẹ̀kùn, fèrèsé àti dúkìá hàn, àwòrán fóònù sì lè gbé ibi tí a ti yà á pamọ́ sínú ara rẹ̀. Ẹ yan iye oṣù tí ẹ ó fi tọ́jú wọn kí ẹ tó pa wọ́n rẹ́, ẹ kọ ọ́ sí abẹ́ fọ́ọ̀mù náà, kí ẹ sì tẹ̀ lé e. Bí ẹ bá ní oníbàárà ní Yúróòpù, òfin GDPR tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 2018 ti fi dandan lé e pé kí ẹ má tọ́jú ìsọfúnni ẹni ju ìgbà tí ẹ nílò rẹ̀ lọ. Bí ẹ bá sì fẹ́ máa fi ìpolówó ránṣẹ́ sí wọn, ẹ fi àpótí ìyọ̀ǹda ọ̀tọ̀ sí i, kí oníbàárà fi ọwọ́ ara rẹ̀ sàmì sí i.

Akunlé

Mo ti ṣe gbogbo rẹ̀. Ìyàwó mi kún fọ́ọ̀mù náà lórí fóònù kí omi tí ó gbé kaná tó hó, ẹ̀rín ni ó sì fi gbé fóònù lé mi lọ́wọ́. Nígbà àkọ́kọ́, àwòrán rẹ̀ kẹta kò wọlé, gẹ́gẹ́ bí Olùtọ́jú Sáfà ṣe kìlọ̀, a sì ti bá àwọn tí ó gba ìkànnì wa sílé yanjú rẹ̀. Lálẹ́ àná, ìbéèrè àkọ́kọ́ láti ọ̀dọ̀ ẹni tí a kò mọ̀ rí wọlé: yàrá mẹ́ta, àwòrán mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn jẹ́ igun àjà tí omi ti yí àwọ̀ rẹ̀ padà. Mo ti kọ̀wé sí i pé ibi tí omi ti ń jò ni kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe kí a tó gbé ọ̀dà débẹ̀, a sì ti jọ fi ọjọ́ tí n ó lọ wò ó sí.