Àkóyawọ́ nìkan ò lè gbé ọ̀rọ̀ ITU yìí

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti ka gbogbo lẹ́tà tó wọlé láti ọjọ́ Àìkú lórí ìbéèrè tí àbúrò wa tó ń kọ́ṣẹ́ ìtumọ̀ gbé wá, pé báwo la ṣe máa sọ "governance" àti "transparency" ní Yorùbá tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ITU la ń sọ, ìyẹn àjọ ìbánisọ̀rọ̀ àgbáyé tó wà ní Geneva, táwọn èèyàn ti ń pariwo tipẹ́ pé kó tún ìṣàkóso rẹ̀ ṣe kó sì jẹ́ káráyé máa rí ohun tó ń ṣe. Ẹ̀gbọ́n wa kan fèsì pé "ìṣèjọba rere àti àkóyawọ́" ni, ó parí. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú sí mi, kò tíì parí rárá.

Ẹ jẹ́ n tètè mú "ìṣèjọba" kúrò nílẹ̀. ITU kì í ṣe ìjọba, kò lọ́ba, kò ní ọlọ́pàá. Àwọn orílẹ̀-èdè ló jọ dá a sílẹ̀, 20 ni wọ́n ní Paris lọ́dún 1865 nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ tẹligíráàmù, wọ́n ti lé ní 190 báyìí, wọ́n sì máa ń yan 48 nínú ara wọn sínú ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ilé títí ìpàdé ńlá ọlọ́dún mẹ́rin-mẹ́rin á fi tún pé. "Ìṣàkóso" tó fún ìyẹn. Ẹni tó mú "ìtukọ̀" wá náà, ó dùn létí, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ atukọ̀ la máa ń gbójú lé pé ó mọ ibi tó ń lọ, níbí yìí kò sẹ́ni tó dá nìkan di àjẹ̀ mú. Ẹ fi pa mọ́ fún ewì.

"Àkóyawọ́" gan-an lọ̀rọ̀ wà. Mi ò kórìíra ẹ̀ o. Iṣẹ́ ìròyìn rédíò ni mò ń ṣe, èmi ni mò ń túmọ̀ ẹ̀, èmi náà ni mò ń kà á, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí àkóyawọ́ ò ní jáde lẹ́nu mi, ìdìbò àkóyawọ́, ìnáwó àkóyawọ́, gbogbo ẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan mo kà á pé àjọ kan ti ṣèlérí àkóyawọ́, ìgbà tá a wá ń gba ìpè, ìyá kan wọlé, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ ọmọ mi, ọjọ́ wo ni wọ́n máa pín in?" Mo ní pín kí ni, mà? Ó ní owó tí mo ní wọ́n fẹ́ yawọ́ sí. Ìyá yẹn ò ṣi Yorùbá gbọ́ rárá. Ẹni tó bá yawọ́, ẹni tí ń fún èèyàn ní nǹkan ni, ohun tí etí wọn mú jáde nínú ọ̀rọ̀ tí mo sọ nìyẹn. Àtọjọ́ náà ni mo ti ń wò ó pé ọwọ́ ló wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó dáa fún owó, ó dáa fún ẹni tí a gbé owó lé lọ́wọ́ tó wá ní kẹ́ ẹ wá wò ó, kò sóhun tí mo fi pamọ́. Kò sọ nǹkan kan nípa yàrá tí wọ́n ti pinnu, bẹ́ẹ̀ ni kò sọ bí wọ́n ṣe pinnu.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi rí. Mo wà nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ kan nígbà kan. Lóṣooṣù ni akápò máa ń gbé ìwé owó sórí tábìlì, ìwé gbọọrọ aláwọ̀ búlúù báyìí, ẹni tó bá wù ú kó ṣí i, á ka orúkọ tiẹ̀ á sì ka iye tó san àti iye tó yá. Kò sí náírà kan tó sọnù. Ṣùgbọ́n tá a bá ti dé orí ta ni yáwó máa kàn, kí ẹnikẹ́ni tó lanu ni alága á ti ka orúkọ mẹ́rin jáde látinú pépà kékeré kan, ilé rẹ̀ ni wọ́n ti kọ ọ́ lálẹ́ àná. Àkóyawọ́ ni àbí kì í ṣe òun? Ìwé wà ní ṣíṣí sílẹ̀, ìpàdé gangan wà ní pálọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Orúkọ tí Yorùbá fún irú ìyẹn ni bòńkẹ́lẹ́, ohun tó sì kọjú sí bòńkẹ́lẹ́ lédè wa kì í ṣe àkóyawọ́, gbangba ni.

Ẹ wá bá mi gbé e lọ sí ITU. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kàn wá o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ òyìnbó lásán ni, +234 tá a fi ń pe Nàìjíríà àti +229 tá a fi ń pe Benin, abẹ́ ètò wọn ló wà, ìgbì tí rédíò tèmi gan-an ń lò, àdéhùn wọn ló là á sílẹ̀. Ní December 2012 wọ́n pe ìpàdé sí Dubai láti tún àdéhùn ìbánisọ̀rọ̀ tí wọ́n ti ṣe látọdún 1988 ṣe. Àwọn ìwé àbá wà lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nìkan ló ń rí i kà, débi pé ní June ọdún yẹn àwọn olùwádìí méjì ní Amẹ́ríkà ṣí ojúlé kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n pè ní WCITLeaks, kí ẹni tí ìwé bá wà lọ́wọ́ ẹ̀ jù ú síbẹ̀ kí gbogbo ayé kà á. Ariwo yẹn pọ̀, ìgbà tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀ wọ́n gbé ìjókòó gbogbogbòò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá ní dátà lè jókòó sílé ẹ̀ kó máa wò wọ́n. Ó dáa nìyẹn.

Ó wá di òru ọjọ́ kan, aago kan ti kọjá, ó ti rẹ gbogbo wọn. Àbá kan wà nílẹ̀ tó jẹ mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ti fà á títí. Alága ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn gbé pátákó orúkọ orílẹ̀-èdè wọn sókè, òun kàn fẹ́ mọ bí ọkàn ilé ṣe rí ni. Wọ́n gbé e sókè. Alága ní àwọn tó fara mọ́ ọn ló pọ̀ jù, ó ti wọlé. Ni aṣojú Sípéènì bá gba máìkì, ó bèèrè pé ṣé ìdìbò la dì yẹn ni. Alága ní rárá o, kì í ṣe ìdìbò. Síbẹ̀ àbá yẹn wọ inú ìwé ìparí ìpàdé. Kì í ṣe torí òru yẹn nìkan, ìjà ti pọ̀ nílẹ̀ tẹ́lẹ̀, àmọ́ nígbà tó parí orílẹ̀-èdè 89 fọwọ́ sí i, Nàìjíríà wà níbẹ̀, 55 ò fọwọ́ sí i, Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì wà lára wọn.

Ibi tí mò ń lọ nìyí. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní òru yẹn, gbangba ló ti ṣẹlẹ̀, kámẹ́rà ń wò ó, kì í ṣe bòńkẹ́lẹ́ rárá, síbẹ̀ àwọn tó jókòó sínú yàrá gan-an ò mọ ohun tí ọwọ́ àwọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe. Ó wà ní gbangba, kò hàn kedere. Yorùbá sì ti sọ ọ́ kó tó di pé ẹnikẹ́ni dá ITU sílẹ̀, gbangba dẹkùn, kedere bẹ̀ ẹ́ wò. Méjì ni. A ò fi ọ̀kan sílẹ̀ mú ọ̀kan, òyìnbó ló kó méjèèjì pọ̀ sínú "transparency".

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi tẹ̀ lé ẹni tó ní ká dá "ìṣegbangba" sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́, a kì í "ṣe gbangba", ní gbangba la ti ń ṣe nǹkan, ẹ wo bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yẹ̀ lórí ahọ́n. Ìkejì, òyìnbó ló fẹ́ kí gbogbo nǹkan jẹ́ ọ̀rọ̀ orúkọ, àwa ní ọ̀rọ̀ ìṣe tó tó, ẹ jẹ́ ká lò ó. Kí wọ́n máa ṣe é ní gbangba, kó sì hàn kedere. Ó gùn díẹ̀, mo mọ̀, àmọ́ mo ti kà á sókè nínú yàrá mi, èémí kan gbé e.

Ẹnì kan máa ní ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ńkọ́? Ìbéèrè tó dáa ni. Ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe bòńkẹ́lẹ́. Ní Bucharest lọ́dún 2022 wọ́n dìbò ní ìkọ̀kọ̀ fún akọ̀wé àgbà, Doreen Bogdan-Martin ní 139 nínú 172, obìnrin àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Kò sẹ́ni tó mọ ẹni tí orílẹ̀-èdè kan dìbò fún, àmọ́ gbogbo ayé ló mọ ìlànà rẹ̀ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ka èsì jáde lójú gbogbo èèyàn. Ìkọ̀kọ̀ ń dáàbò bo olùdìbò, bòńkẹ́lẹ́ ń dáàbò bo ẹni tó fẹ́ dá nìkan pinnu.

Mo gbà pé wọ́n ti ṣe díẹ̀ o. Látọdún 2007 ni ọ̀pọ̀ ìlànà ẹ̀rọ wọn ti di ọ̀fẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó jẹ́ pé owó ni wọ́n ń tà á tẹ́lẹ̀, ìlànà tó jẹ́ kí aráàlú máa rí ìwé àjọ náà kà sì ti wà látọdún 2017. Àmọ́ ìwé tí àwọn ilé iṣẹ́ ń mú wá sínú àwọn kọmítì tí wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ gangan ṣì wà lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù.

Ó ku "accountability" tí àbúrò wa fi kún un. "Ìjíhìn" ni, kò sí ìjà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó dá dúró, torí lédè wa èèyàn kì í ṣáà jíhìn, ó ń jíhìn fún ẹnì kan ni. ITU ń jíhìn fún àwọn orílẹ̀-èdè, àwọn ló ń dáwó, fránkì Switzerland 318,000 ni ìdá kan, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan iye ìdá tí agbára rẹ̀ ká. Àwọn ilé iṣẹ́ náà ń san tiwọn, wọn kì í dìbò. Ìyá tó pe rédíò wa ò sí nínú àkọsílẹ̀ yẹn níbikíbi. Torí náà ẹ kọ "jíhìn fún", kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹni náà tẹ̀ lé e.

Àbúrò mi, ohun tí èmi á kà lórí afẹ́fẹ́ tó bá jẹ́ èmi nìyí: "Wọ́n fẹ́ kí ITU tún ìṣàkóso rẹ̀ ṣe, kó máa ṣèpàdé ní gbangba, kí ìpinnu rẹ̀ hàn kedere, kó sì máa jíhìn fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ni ín." Ẹni tó bá ní èyí tó kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ tí ìyá yẹn ò ní ṣì gbọ́, kó mú un wá, mo fẹ́ lò ó.