Ìṣáwùrú ọ̀sà Èkó: wọ́n ní òjé wà nínú ẹ̀, ṣé ká ṣì máa jẹ ẹ́?

ÌyáWúrà_Bàrígà

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ mo ní ìbéèrè kan, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀, ọkàn mi ni ò balẹ̀.

Ọmọ Kàlàbá ni ọkọ mi, ìgbà tí mo délé ẹ̀ ni mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìṣáwùrú se afang àti edikang ikong, kí n má parọ́ fún yín, ní báyìí èmi gan-an ni mi ò lè jẹ ọbẹ̀ yẹn tí kò bá sí ìṣáwùrú níbẹ̀, tí mo bá ti ń fà á mu láti ìdí ìkarahun báyìí fíìì, ó ti parí. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ la máa ń sè é, nígbà míì ẹ̀ẹ̀mẹta. Obìnrin kan létí omi níbí ni mo ti ń rà á, ó ti máa ń bá mi gé ìdí ẹ̀ sílẹ̀.

Wàhálà wá dé lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ará ilé wa kan fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp pé wọ́n yẹ ìṣáwùrú inú ọ̀sà wò ní lábù, wọ́n bá òjé àti cadmium (irin olóró kan) nínú ẹ̀, pé ó fi ìlọ́po mẹ́rin ju bó ṣe yẹ lọ, pé ó ń ba kíndìnrín jẹ́. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ṣẹ́ ẹ mọ WhatsApp. Àmọ́ nígbà tí mo débẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé mo wá ń wolẹ̀ dáadáa: omi dúdú, epo ń dán lójú ẹ̀ bí òṣùmàrè, bátìrì mọ́tò kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan ti fi òkúta fọ́, inú ẹ̀ ti ṣófo, adìẹ ń ṣa nǹkan jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Mo ra ìṣáwùrú náà ṣá. Ó wà nínú fíríìsà bí mo ṣe ń tẹ èyí.

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé oyún oṣù márùn-ún ló wà nínú mi, Wúrà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́ta, òun náà ti mọ̀ ọ́n fà mu. Màmá mi tí wọ́n wà lọ́dọ̀ mi ní kí n fi iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ fọ̀ ọ́, kí n bọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta kí n máa da omi ẹ̀ nù, pé gbogbo ẹ̀ á bá omi lọ. Ṣé òótọ́ ni? Àbí kí n kàn gbàgbé ìṣáwùrú?

ỌmọẸ̀pẹ́

Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀ jàre. Etí omi ni wọ́n bí mi sí, apẹja ni bàbá tó bí bàbá mi, akàn o, edé o, ìṣáwùrú o, kí la ò jẹ. Bàbá lé ní 90 kí wọ́n tó lọ, eyín wọn ṣì pé. Òjé tí ẹ ń sá fún yẹn, òun la máa ń so mọ́ etí àwọ̀n kó lè rì, ọjọ́ ti pẹ́, eyín la sì fi ń tẹ̀ ẹ́ mọ́ okùn. Bátìrì tí ẹ rí yẹn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ apẹja ló fọ́ ọ, wọ́n á yọ òjé inú ẹ̀, wọ́n á yọ́ ọ nínú agolo lórí iná, wọ́n á dà á sínú yanrìn, ó ti di òjé àwọ̀n nìyẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe wá. Ẹ bọ̀ ọ́ dáadáa kẹ́ ẹ jẹ ẹ́.

Ohun tó ń dun èmi ni odò Ọ̀ṣun, torí apá ọ̀dọ̀ wa ló ń rọ́ sí. Látìgbà tí wọ́n ti ń wa góòlù lókè lọ́hùn-ún nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni àwọ̀ omi yẹn ti dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra wọn kìlọ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun pé kí èèyàn má mu ún. Omi tí wọ́n ní ká má mu, akàn tó ń gbé inú ẹ̀ ńkọ́?

Ará_Lábù

@ỌmọẸ̀pẹ́ ẹ ní kí wọ́n jẹ ẹ́, ẹ tún ní akàn ńkọ́ 😂 Èwo la fẹ́ mú níbẹ̀?

Ìyá Wúrà, iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyẹn, lábù tí wọ́n ti ń yẹ omi àti oúnjẹ wò ni mo wà, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí mo mọ̀.

Màmá ò jẹ̀bi o. Ohun tí wọ́n sọ yẹn dáa fún kòkòrò, kọ́lẹ́rà, tífọ́ọ̀dù, iná á pa gbogbo wọn. Àmọ́ òjé ò ní ẹ̀mí tí ẹ máa fi iná gbà. Ẹ bọ̀ ọ́ títí ilẹ̀ á fi mọ́, òjé ṣì ni òjé, ó ti wọnú ẹran ara ẹ̀ lọ, èyí tó máa bá omi lọ ò tó nǹkan. Iyọ̀ àti ọsàn wẹ́wẹ́ á mú ẹrẹ̀ àti yíyọ̀ yẹn kúrò lára ẹ̀, ìyẹn náà wúlò torí ẹrẹ̀ gan-an ni ilé òjé, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ló mọ.

Ẹ wo bó ṣe ń débẹ̀. Ìṣáwùrú ò níṣẹ́ méjì, ẹrẹ̀ ló ń lá. Gbogbo ohun tó bá ti ìgboro wá, omi ilé iṣẹ́, ọ́ìlì mọ́tò, ọ̀dà, bátìrì, èéfín ọkọ̀ tó bá òjò wálẹ̀, ìsàlẹ̀ omi ni gbogbo ẹ̀ ń rọ̀ sí, ìṣáwùrú á wá máa fi ahọ́n ha á díẹ̀díẹ̀ láàárọ̀ lálẹ́. Ti ọ́yísítà tiẹ̀ tún yàtọ̀, omi ló ń sẹ́ bí ẹni ń sẹ́ ògì, èyí tó ti dàgbà lè sẹ́ tó 190 lítà lóòjọ́ tí omi bá bá a lára mu, ohun tó bá kù sínú asẹ́ ló ń jẹ. Ẹ̀yin tí ẹ wá jẹ ọ́yísítà, asẹ́ lẹ jẹ. Ẹja lè sá kúrò níbi tí omi ti bàjẹ́, ìṣáwùrú, ẹsẹ̀ dà.

Ẹ má sì jẹ́ kí gbogbo orúkọ tí wọ́n bá kọ síwèé dẹ́rù bà yín. Ẹ̀jẹ̀ akàn ò pupa, bàbà ló fi ń gbé atẹ́gùn káàkiri ara ẹ̀, tí wọ́n bá ní àwọn bá bàbà nínú akàn, ṣé ó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni? Irin àti síńkì náà, àwa gan-an nílò wọn. Òjé, cadmium àti mákúrì ni ara ò lò fún nǹkan kan.

Ti ìlọ́po mẹ́rin yẹn wá ńkọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fi ránṣẹ́: gbígbẹ ni wọ́n wọ̀n àbí tútù? Ní lábù, a máa ń kó ẹran yẹn sínú ààrò títí á fi gbẹ ganrangan, a lọ̀ ọ́ lúbúlúbú, ká tó fi ásíìdì yọ́ ọ. Bíi 80 nínú 100 ẹran ìṣáwùrú, omi ni. Kílò kan tí mo bá gbẹ, ó ku bíi 200 gíráàmù, gbogbo òjé inú kílò yẹn ti kóra jọ sínú 200 gíráàmù yìí, nọ́ḿbà á fò sókè ní ìlọ́po márùn-ún, bẹ́ẹ̀ nǹkan kan ò pọ̀ sí i. Tútù ni òfin sì fi ń wọ̀n: lọ́dọ̀ àwọn ará Yúróòpù, cadmium inú ọ́yísítà àti àwọn onígbá méjì bíi tiẹ̀ ò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 1 lọ nínú kílò kan, òjé ò gbọdọ̀ ju 1.5. Ẹni tó bá gbé nọ́ḿbà gbígbẹ lọ bá òfin tútù á máa pariwo ìlọ́po mẹ́rin lórí ohun tí kò tíì dé òfin. Mo ti rí i nínú iṣẹ́ àwọn tó kàwé dáadáa o, ẹ má bú WhatsApp nìkan.

Ó wá ku bí ẹ ṣe ń jẹ tó. Àwọn ọ̀mọ̀wé tí FAO àti WHO (àjọ oúnjẹ àti àjọ ìlera àgbáyé) kó jọ ní 2010 ní ti cadmium, 25 máíkírógíráàmù fún kílò ara kọ̀ọ̀kan lóṣù lèèyàn lè gbé mì. Ẹni tó bá wọn 60 kílò, mílígíráàmù kan àbọ̀ nìyẹn. Ká sọ pé ìṣáwùrú yín gbé odindi mílígíráàmù kan nínú kílò, kílò kan àbọ̀ ẹran tí wọ́n ti yọ nínú ìkarahun lẹ máa jẹ lóṣù kẹ́ ẹ tó débẹ̀, ẹran inú ọ̀kan ò sì fi bẹ́ẹ̀ ju gíráàmù kan lọ, ẹ wá máa kà á. Lóòótọ́ ìrẹsì àti ẹ̀fọ́ náà ní tiwọn nínú, ẹni tó ń mu sìgá ń fa tiẹ̀, tó bá sì ti dé kíndìnrín ó lè lo 10 sí 30 ọdún níbẹ̀. Àmọ́ ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ti cadmium, kò dẹ́rù bà mí.

Òjé ni mò ń bẹ̀rù fún yín. Ọdún 2010 yẹn kan náà ni wọ́n fagi lé nọ́ḿbà tí wọ́n fi sílẹ̀ fún òjé tẹ́lẹ̀, torí wọn ò rí iye tí wọ́n lè fọwọ́ sọ̀yà pé kò ní ṣe nǹkan kan. Òjé tí ìyá bá jẹ ń dé ọ̀dọ̀ ọmọ inú, kódà èyí tó ti wọ egungun ìyá láti ọdún gbọọrọ, nígbà tí òjé ṣì wà nínú pẹtiróòlù, inú oyún ló máa ń jáde sínú ẹ̀jẹ̀. Ọpọlọ ọmọ ló ń bá jà. Nítorí náà ẹ̀yin àti Wúrà, tí mo bá jẹ́ yín, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù tó títí ẹ ó fi bímọ, bàbá Wúrà lè máa bá tiẹ̀ lọ. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ obìnrin yẹn ibi tí wọ́n ti kó o. Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ bátìrì yẹn ni, ẹ bá a ṣeré lọ.

Tólú_Peckham

Ẹ dákun akàn ńkọ́? Ṣé nǹkan aláwọ̀ ilẹ̀ inú ẹ̀yìn ẹ̀ yẹn, èyí tí mo máa ń fi ìka lá? Níbí lọ́dọ̀ wa ní London, wọ́n máa ń pín ibi tí wọ́n ti ń kó ọ́yísítà sí A, B, C, mo rò pé tó bá ti jẹ́ A, gbogbo ẹ̀ ti mọ́ nìyẹn.

Ará_Lábù

Ẹ̀gbọ́n, ìgbẹ́ ni wọ́n fi ń wọn A, B, C yẹn, ìyẹn kòkòrò E. coli. Wọ́n lè kó ọ́yísítà sínú omi mímọ́ fún bí ọjọ́ méjì kí kòkòrò jáde nínú ẹ̀, àmọ́ cadmium á lo ọ̀sẹ̀, á lo oṣù. Òfin òjé àti cadmium wà lọ́tọ̀.

Èyí tí ẹ ń lá yẹn, ibẹ̀ ló dà bí ẹ̀dọ̀ fún akàn, ibẹ̀ ni cadmium ń kóra jọ sí jù. Òfin Yúróòpù gan-an, ẹran funfun inú ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ló ń wọ̀n, kò ka ti ẹ̀yìn mọ́ ọn. Ẹ jẹ ẹsẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn sílẹ̀, ó kéré tán ẹ má jẹ ẹ́ lójoojúmọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìṣáwùrú, ìrù dúdú tó lọ́ sínú kọ̀rọ̀ ìkarahun yẹn, ẹ gé e nù.

Nọ́ọ̀sì_Àdúgbò

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀. Ẹni tó ní "kò ṣe wá" yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wá ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Minamata ní Japan kà. Ilé iṣẹ́ kan ń da omi tó ní mákúrì sínú òkun, àwọn èèyàn ń kó ẹja àti ìṣáwùrú ibẹ̀ jẹ bí wọ́n ṣe ń ṣe látilẹ̀, ológbò ló kọ́kọ́ ń jó ijó wèrè, 1956 ni wọ́n tó mọ̀ pé ti èèyàn náà ti dé. Èyí tó dùn mí jù níbẹ̀, àwọn ìyá kan wà tí ara wọn le koko, ọmọ tí wọ́n bí ni ò lè jókòó, ni ò lè sọ̀rọ̀. Ara ìyá tó le ò sọ fún wa pé ọmọ wà lálàáfíà.

Àmọ́ Ìyá Wúrà, ìbéèrè kan: ṣé ẹ ń lé tìróò fún Wúrà? Torí obìnrin á wá sí kílíníìkì wa, á ní ẹja lòun ń bẹ̀rù, ọmọ ẹ̀yìn ẹ̀ á ti lé tìróò kinniwin. Èyí tó pọ̀ jù nínú tìróò ìbílẹ̀, òjé ni, òkúta òjé tí wọ́n lọ̀. Ní Boston lọ́dún 2011, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ kan tí ìdílé ẹ̀ jẹ́ ti Nàìjíríà wò, wọ́n bá òjé níbẹ̀, wọ́n wá ibi tó ti wọlé títí, tìróò tí wọ́n mú wá láti ilé ni. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé ló jẹ́ 82.6 nínú 100 ẹ̀. Ìṣáwùrú wo ló fẹ́ bá ìyẹn díje?

Ará_Lábù

Ẹ ṣé é gan-an nọ́ọ̀sì, ibi tí mo ń lọ nìyẹn. Àti yíyọ́ òjé àwọ̀n nínú agolo yẹn, @ỌmọẸ̀pẹ́, mo bẹ̀ yín. Ní Zamfara ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tó kú, kò sẹ́ni tó fún wọn ní ìṣáwùrú jẹ, eruku òkúta góòlù tí wọ́n ń lọ̀ nínú agboolé ni, òjé ló kún inú ẹ̀. Ẹ má fi eyín tẹ̀ ẹ́ mọ́. Píláyà ò wọ́n.

ỌmọẸ̀pẹ́

Mo gbọ́. Mi ò ní parọ́, bàbá tí mo sọ yẹn, eyín wọn pé lóòótọ́, àmọ́ ọwọ́ wọn máa ń gbọ̀n, wọn kì í lè gbé ife tíì ara wọn dẹ́nu. Àgbà la pè é. Ó sì lè jẹ́ àgbà náà ni o. Mo máa bá àwọn bọ̀ọ̀dá mi sọ ọ́ nílé.

ÌyáWúrà_Bàrígà

Ẹ ṣé, ẹ ṣé, Olúwa á bù kún yín. Mo padà lọ bá obìnrin yẹn lónìí. Mo ní níbo lẹ ti ń kó ìṣáwùrú yìí, ó wò mí bíi pé mo bú u, ó ní Bàyẹ́lsà ni, àpò ni wọ́n fi ń kó o wá, ojú omi yìí ló kàn ti ń fọ̀ ọ́. Ṣé ìyẹn túmọ̀ sí pé ti WhatsApp yẹn ò kàn mí rárá?

Ará_Lábù

Nọ́ḿbà ọ̀sà Èkó kọ́ ni tiyín nígbà náà. Ìyẹn ò ní kí Bàyẹ́lsà mọ́ o, epo rọ̀bì ibẹ̀ ò kéré, ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ àfi kó yẹ ti ibẹ̀ wò. Àmọ́ omi tí wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ yẹn, ẹ ní kó fún yín ní àìfọ̀, kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́ nílé.

ÌyáWúrà_Bàrígà

Mo gbọ́ sà. Nọ́ọ̀sì, mo ka ọ̀rọ̀ yín sí màmá mi létí, torí àwọn ló ń lé tìróò fún Wúrà ní gbogbo àárọ̀ Sọ́ńdè. Wọn ò fèsì. Àmọ́ ìgò tìróò náà ò sí lórí tábìlì mọ́ láàárọ̀ yìí, mi ò sì tíì béèrè ibi tó wà.

ỌmọẸ̀pẹ́

Èyí tó wà nínú fíríìsà ńkọ́?

ÌyáWúrà_Bàrígà

Bàbá Wúrà ti jẹ ẹ́ tán.