AC ọkọ̀ mi ń tutù lójú ọ̀nà Iléṣà, àmọ́ tí mo bá ti dé Lágere, ooru ló ń fẹ́

Ìyá Oníkéèkì, Iléṣà

Ẹ̀yin ará ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí lórí ọ̀rọ̀ AC ọkọ̀ mi.

Kéèkì ni mò ń ṣe. Ìṣọ̀kùn ni mò ń gbé, àmọ́ Ifẹ̀ ni àwọn oníbàárà mi pọ̀ sí jù: àwọn ọmọ yunifásítì tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, àwọn tó ń ṣe ìgbéyàwó. Corolla tòkunbọ̀ ọdún 2005 ni mo fi ń gbé e lọ fún wọn. Kéèkì tí a fi bọ́tà àti ṣúgà bò lójú kì í bá ooru ṣe. Inú ọkọ̀ ò ní tíì gbóná púpọ̀ tí bọ́tà yẹn á ti rọ̀, tí òdòdó tí mo fi wákàtí méjì tò sí i lára á máa yọ̀ wálẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Tí mo bá kúrò ní Iléṣà, tí mo ń sáré bọ̀ gba Ọ̀ṣú, AC á tutù débi pé mo máa ń fi aṣọ bo ẹsẹ̀. Kí n ṣáà wọ Ifẹ̀, kí n bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ pàdé ní Lágere tàbí Mayfair, atẹ́gùn tó ń jáde á bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì ní pẹ́ di ooru. Tí ọ̀nà bá ṣí, tí mo tún sáré díẹ̀, á padà tutù. Mo ní tẹmọ́mítà tí mo fi ń wo ṣúgà lórí iná. Mo fọ̀ ọ́, mo tì í bọ ihò tí atẹ́gùn ń gbà jáde. Lójú ọ̀nà, 9°C ló wà. Ní Lágere, lẹ́yìn nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ti di 24.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣe AC láàárín oṣù mẹ́rin. Ohun kan náà ló ń sọ nígbà gbogbo: "Gáàsì yín ló ti lọ sílẹ̀, Mà." Á rọ gáàsì sí i, á gbowó, ibi tí a wà náà la tún máa wà lọ́jọ́ kejì. N ò rí i kó fi géèjì tí wọ́n fi ń wọn agbára gáàsì wò ó rí. Ọwọ́ ló fi ń kan páìpù. Ti Sátidé tó kọjá ló dùn mí jù. Kéèkì ìgbéyàwó onípele mẹ́ta ni, ìpele òkè ti fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó dé gbọ̀ngán. Mo fi ọ̀bẹ tún un ṣe lórí ìdúró. Ìyàwó ò mọ̀, àmọ́ èmi mọ̀. Inú bí mi débi pé ó ń ṣe mí bíi kí n lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọkùnrin yẹn bí òṣómàáló títí á fi dá owó mi padà.

Ohun kejì: tí òjò bá ń rọ̀, ìrì máa ń bo gíláàsì iwájú láti inú, mi ò ní ríran dáadáa. Ìnura ni mo fi ń nù ún bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ.

Wọ́n ti ní kí n lọ ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀ míì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fún gáàsì AC pọ̀. Ṣé òun ló ti kú lóòótọ́?

Awakọ̀ Ifẹ̀ sí Àkúrẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ Mà. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ ni o. Tèmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, mo ra tòkunbọ̀, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tán síbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa jẹ owó gáàsì yín.

Bàbá Alágáàsì, Sábó, Ifẹ̀

Ìyá oníkéèkì, ẹ kú ìnáwó, ẹ kú ara fífi ṣiṣẹ́. Ẹ má tíì ra kọ̀ńpírẹ́sọ̀ kankan.

Àbúrò mi awakọ̀, mi ò bá ọ jà. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tó ti rẹ̀ lè má tutù tí ọkọ̀ bá dúró, òótọ́ ni. Àmọ́ ọ̀nà wà láti fi dá a mọ̀ láìná kọ́bọ̀. Kí Mà dúró sójú kan, kí AC wà ní títàn, kí wọ́n rọra tẹ iná mọ́ ẹ́ńjìnnì fún bí ìṣẹ́jú méjì. Tó bá tutù sí i, a lè fura sí kọ̀ńpírẹ́sọ̀ tàbí gáàsì tó kéré. Tó bá jẹ́ pé ṣe ló tún ń gbóná sí i, ọ̀rọ̀ atẹ́gùn ni, ibẹ̀ ni mo sì fura sí.

Ọdún 1991 ni mo wọṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn. Gáàsì R12 là ń lò nígbà náà. R134a ló wà nínú ọkọ̀ tiyín. Ohun tí ọ̀gá mi kọ́kọ́ kọ́ mi ni pé AC kì í ṣe òtútù. Ooru ló ń kó. Ó ń kó ooru inú ọkọ̀, ó ń lọ dà á síta. Kọ̀ńpírẹ́sọ̀ á fún gáàsì pọ̀, gáàsì á gbóná janjan, á lọ sínú kọ́ńdẹ́ńsà, ìyẹn ohun pẹlẹbẹ tó dà bíi ràdíétọ̀ tó wà níwájú ràdíétọ̀ gan-an. Atẹ́gùn tó bá gba ibẹ̀ kọjá ló máa gba ooru yẹn lára rẹ̀, gáàsì á sì di omi. Omi yìí á gba ihò tóóró kan wọ inú dáṣíbọọ̀dù, agbára tó fún un pọ̀ á dẹ̀, á hó, á sì tún di gáàsì. Bó ṣe ń hó ló ń fa ooru inú ọkọ̀ mọ́ra. Ní ìta gbangba, ó gbọ́dọ̀ tutù ju yìnyín lọ kí R134a tó dẹ́kun híhó: 26 nísàlẹ̀ òdo ni.

Wàyí o, kí ló ń gbé atẹ́gùn gba ara kọ́ńdẹ́ńsà kọjá? Lójú ọ̀nà Ọ̀ṣú, eré tí ẹ ń sá ni. Ní Lágere, fáànù nìkan ló kù. Tí fáànù ò bá ṣiṣẹ́ rẹ̀, ooru ò ríbi lọ, inú ọkọ̀ ló máa padà sí.

Ọ̀rọ̀ gáàsì yìí ń dùn mí, torí ó ń ba iṣẹ́ wa jẹ́. Gáàsì AC kì í ṣe bẹntiróò tí ọkọ̀ ń jó. Inú páìpù tí wọ́n dí pa ló ń yí po. Tó bá dín, ó ń jò ni, ẹni tó bá fẹ́ rọ gáàsì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá ibi tó ń jò; òróró á máa hàn níbẹ̀, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Gáàsì tó dín díẹ̀ lè má tutù dáadáa tí ọkọ̀ bá dúró, àmọ́ tó bá ń jò lọ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí kò fi ní tutù mọ́ níbi gbogbo, ì báà jẹ́ Lágere tàbí Ọ̀ṣú. Ẹ̀ẹ̀mẹta tí wọ́n rọ ọ́ láìwo géèjì, ẹ̀rù ń bà mí pé ó ti pọ̀ jù báyìí. Èyí tó pọ̀ jù burú bí èyí tó kéré jù. Iye tó yẹ kó wọlé wà lára ìwé kékeré kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, gíráàmù ni wọ́n fi kọ ọ́. Òṣùwọ̀n la fi ń wọ̀n ọ́n, a kì í fojú bù ú.

Ẹ ṣe èyí fún mi lọ́la. Ẹ́ńjìnnì títàn, AC títàn, ọkọ̀ dúró. Ẹ mú bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan, ẹ gbé e sára gírìlì níwájú. Fáànù gbọ́dọ̀ fà á mọ́ra. Ẹ ṣọ́ ọwọ́ yín o, ẹ má kì í bọ ibi tí fáànù wà. Kí ẹ sì dá mi lóhùn nǹkan méjì: ibo ni abẹ́rẹ́ ooru ẹ́ńjìnnì ń wà tí ẹ bá wà ní Lágere? Ṣé ẹnikẹ́ni ti fọwọ́ kan fáànù yẹn láìpẹ́ yìí?

Ìyá Oníkéèkì, Iléṣà

Bàbá, ẹ ṣé gan-an ni. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ yìí ni mo ṣe é. Bébà tí mo fi ń tẹ́ inú agolo kéèkì ni mo lò. Mo gbé e sára gírìlì, mo yọwọ́. Kò lẹ̀ mọ́ ọn. Ó fò kúrò síwájú, ó lọ bọ́ sẹ́bàá gọ́tà. Mo rò pé afẹ́fẹ́ àárọ̀ ni. Mo tún mú òmíràn, òun náà fò. Ẹ̀kẹta, mo na àtẹ́lẹwọ́ mi síwájú gírìlì: atẹ́gùn gbígbóná ń bọ̀ wá bá mi láti inú ọkọ̀!

Abẹ́rẹ́ máa ń kọjá àárín díẹ̀ ní Lágere. Mo ti rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Ẹnìkan sì ti fọwọ́ kan fáànù lóòótọ́. Mọ́tò fáànù jóná lásìkò òjò, ríwáyà kan fi tòkunbọ̀ rọ́pò rẹ̀. Ẹnu wáyà wọn ò bára mu, ó gé wọn, ó lọ́ wọn pọ̀, ó fi téèpù dì í. Ìgbà yẹn gan-an ni wàhálà AC bẹ̀rẹ̀, ojú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wá là sí i báyìí tí mò ń kọ ọ́.

Bàbá Alágáàsì, Sábó, Ifẹ̀

Ó ti tán, Ìyá. Fáànù yín ń yí sódì. Wáyà méjì ló wà lẹ́nu mọ́tò yẹn, ó so ọ̀kan sí àyè èkejì. Dípò kó máa fa atẹ́gùn wọlé láti iwájú, ooru ẹ́ńjìnnì ló ń tì padà sára kọ́ńdẹ́ńsà. Tí ẹ bá ń sáré, atẹ́gùn ojú ọ̀nà lágbára jù ú lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń tutù.

Kí ríwáyà tú téèpù yẹn, kó pààrọ̀ wáyà méjèèjì, kó fi òjé jó o pọ̀, kó fi rọ́bà bò ó. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣe ti bébà lẹ́ẹ̀kan sí i. Kí wọ́n fi omi tó rọra ń dà fọ ojú kọ́ńdẹ́ńsà. Ẹ má gbà kí wọ́n fi ẹ̀rọ ìfọmọ́tò tó ń tú omi pẹ̀lú agbára sí i, á tẹ irin wẹ́wẹ́ ara rẹ̀ pa.

Ẹ wá gba ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fa gáàsì jáde, kó má tú u sáfẹ́fẹ́. Kó fa inú páìpù gbẹ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó kéré tán, kó wò ó bóyá géèjì dúró sójú kan, kó tó wọn gáàsì sínú rẹ̀. Nínú ooru tiwa níbí, tí gbogbo rẹ̀ bá pé, géèjì búlúù, tó ń wo ìhà tí agbára gáàsì ti kéré, á wà láàárín 30 sí 45 psi, pupa, tó ń wo ìhà tó ti pọ̀, á wà ní nǹkan bíi 200 sí 250. Tí pupa bá ń sáré kọjá 300 nígbà tí ọkọ̀ dúró, kí wọ́n padà síbi fáànù.

Olùkọ́ Físíìsì, Mọdákẹ́kẹ́

Bàbá ti sọ gbogbo rẹ̀. Ti ìrì ojú gíláàsì ni kí n fi kún un, torí kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ẹ̀, ewu sì wà nínú kéèyàn máa wakọ̀ kó máa nu gíláàsì.

Mà, ẹ wo bọ́tìnnì tí wọ́n ya ọkọ̀ sí, tí ọfà ń yí po nínú ọkọ̀ náà. Ó dá mi lójú pé ó wà ní títẹ̀ nígbà gbogbo, torí kí kéèkì lè tutù. Atẹ́gùn inú ọkọ̀ kan náà ló ń yí i po, èémí yín ń rin ín sí i, ó sì ń di omi lára gíláàsì. Tí òjò bá ń rọ̀, ẹ tú u sílẹ̀ kí atẹ́gùn ìta wọlé, kí ẹ jẹ́ kí AC wà ní títàn. AC ń yọ omi kúrò nínú atẹ́gùn. Omi tó ń kán lábẹ́ ọkọ̀ nìyẹn. Kí ẹ wá yí bọ́tìnnì ooru díẹ̀ síhà pupa.

Àmọ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá hítà yín ṣì wà. Nígbà tí mo ra tèmi, ọyẹ́ mú mi lójú ọ̀nà láago márùn-ún ìdájí, mo tan hítà, atẹ́gùn tútù ló ń fẹ́. Mẹkáníìkì tó ti ṣe é kí n tó rà á ti yọ tẹmọ́sítáàtì, ohun tó ń ṣàkóso ooru omi ẹ́ńjìnnì, dànù, ó sì ti fi páìpù kan ṣoṣo já ọ̀nà omi hítà pọ̀ torí ó ní ó ń jò. Ọkọ̀ ò tètè gbóná, ó sì ń mu epo bí ẹni òùngbẹ ń gbẹ. Mo dá méjèèjì padà sí àyè wọn, ara rẹ̀ balẹ̀.

Ìyá Oníkéèkì, Iléṣà

Mo ti dé o. Ríwáyà míì ló ṣe é, kò gbà tó wákàtí kan. Bébà lẹ̀ mọ́ gírìlì pátápátá, ọwọ́ ni mo fi já a kúrò. Gáàsì tí wọ́n fà jáde fi 180 gíráàmù ju iye tó wà nínú ìwé abẹ́ bónẹ́ẹ̀tì lọ. Wọ́n wọn èyí tó yẹ padà síbẹ̀ níṣojú mi.

Àná ni mo mọ̀ọ́mọ̀ lọ sí Lágere láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ọkọ̀ pọ̀ jù. Ogún ìṣẹ́jú ni mo lò láìkúrò lójú kan. Tẹmọ́mítà kò kọjá 11, abẹ́rẹ́ ẹ́ńjìnnì sì wà nísàlẹ̀ àárín.

Olùkọ́, òótọ́ lẹ sọ nípa bọ́tìnnì ọlọ́fà yẹn, títẹ̀ ló wà láti ọjọ́ tí mo ti ra ọkọ̀. Hítà ń ṣiṣẹ́, mi ò tàn án rí ni. Bàbá, mò ń bọ̀ ní Sábó lọ́jọ́ Ẹtì, kéèkì kékeré kan wà fún yín. Sátidé, onípele méjì ń lọ sí Ẹ̀nuwá, mi ò sì tíì yọ tẹmọ́mítà kúrò ní ihò atẹ́gùn.