Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bá òbí yín múra eré ọ̀nà jíjìn n'Ìkòròdú, ẹ bá wa dá sí i

Ará Ìtamàgà: Ẹ kú ojúmọ́ o. Bàbá ọdún 63 tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fẹ́ bá ọmọ ẹ̀ múra fún eré Èkó ti oṣù kejì. Ọmọ fẹ́ sá kìlómítà 42, bàbá ní 10 tó òun. Oṣù márùn-ún ló kù. Báwo ni wọ́n ṣe lè jọ ṣe é kí ẹnì kan má máa wọ́ ẹnì kejì?

Onísáré Ṣábọ̀: Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ni wọ́n máa jọ sá. Ọjọ́ mẹ́ta tó fún bàbá: Ìṣẹ́gun, Ọjọ́bọ̀, Àbámẹ́ta. Kí ọmọ bá a jáde níbi méjì nínú ẹ̀, kó sì tẹ̀lé ìrìn bàbá. Kò pàdánù nǹkan kan, eré jẹ́jẹ́ ló ń kọ́ ara ní ìfaradà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ìṣẹ́jú kan eré, méjì ìrìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Tí orúnkún ò bá sọ nǹkan kan, ẹ yí i: méjì eré, kan ìrìn. Tí wọ́n bá sá kìlómítà 20 lọ́sẹ̀ yìí, kó má kọjá 22 lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kẹ́ ẹ sì dín in kù ní gbogbo ọ̀sẹ̀ kẹrin. Èémí máa ń tètè lágbára, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ kì í tètè lágbára. Ibẹ̀ gan-an ni àwọn àgbà ti ń farapa: èémí ní ká máa lọ, iṣan ní ó tó.

Ará Ìmọ̀tà: Kó ra aago tó ń ka ìlù ọkàn. 220, ẹ yọ ọjọ́ orí ẹ̀, 63, ó ku 157: ibi tí ìlù ọkàn ẹ̀ lè ga dé láàárín ìṣẹ́jú kan nìyẹn. Kó má jẹ́ kó ju 110 lọ, bí ìdá méje nínú mẹ́wàá ẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ágíríìkì: Ẹ̀gbọ́n, ẹ rọra níbẹ̀ yẹn. Ẹ ò gbọ́ pé ó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Tó bá jẹ́ atenolol tàbí bisoprolol, oògùn yẹn fúnra ẹ̀ ló ń fa ìlù ọkàn sẹ́yìn. Aago á máa ka 105, bàbá á ti máa mí hẹlẹhẹlẹ. Ẹnu ẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n. Kó sọ gbólóhùn gígùn kan. Tí èémí bá já a kó tó parí ẹ, kó bẹ̀rẹ̀ sí rìn.

Ará Ìmọ̀tà: Tí kì í bá ṣe irú oògùn yẹn ńkọ́?

Nọ́ọ̀sì Ágíríìkì: Àbá lásán náà ni ìṣirò 220 yẹn. Ẹni méjì tí ọjọ́ orí wọn bára mu, ìlù ọkàn ọ̀kan lè fi 20 ju ti èkejì lọ.

Ìyá Ìbejì: Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ńkọ́? Ìyẹn ló yẹ kó ṣáájú bàtà.

Nọ́ọ̀sì Ágíríìkì: Ẹ ṣeun, màmá. Tó bá ti wọ 180/110 nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, kò sí eré lọ́jọ́ yẹn, ilé ìwòsàn ni. Tí àyà bá fún un lójú ọ̀nà, tí ìrora gba apá òsì tàbí àgbọ̀n, tí òógùn tútù bò ó, ẹ dúró, ẹ wá ọkọ̀. Ẹ má ní kó “sá a kúrò lára.”

Ará Ìjẹdẹ: Ojú ọ̀nà wa ni kẹ́ ẹ máa lò, aago márùn-ún ààbọ̀ àárọ̀. Ìkòròdú sí Ṣàgámù, ọkọ̀ akóǹténà ti pọ̀ jù.

Ará Odógúnyàn: Akóǹténà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kadà tí kò tan iná ń bẹ lọ́dọ̀ tiyín náà!

Onísáré Ṣábọ̀: Ibi yòówù kí wọ́n gbà, apá òsì ni kí wọ́n wà, kí wọ́n kọjú sí ọkọ̀ tó ń bọ̀, kí wọ́n wọ aṣọ tó ń tàn. Nǹkan kan tún wà: àárín títì máa ń ga, etí ẹ̀ á rẹlẹ̀ kí òjò lè ṣàn. Ẹni tó bá ń fi wákàtí kan sá létí títì nìkan, ẹsẹ̀ kan ń sọ̀ kalẹ̀ ju èkejì lọ, ìbàdí ló máa sọ ọ́. Ẹ wá pápá tó tẹ́jú fún ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀.

Ará Odógúnyàn: Àṣé òun ló ń fa ìbàdí dídùn yẹn. Ẹ ṣeun o.

Ará Ìmọ̀tà: Kí bàbá mu píọ̀ wọ́tà mẹ́ta kó tó jáde.

Nọ́ọ̀sì Ágíríìkì: Mẹ́ta kẹ̀! Lítà kan ààbọ̀ nìyẹn. Omi àmujù ń la iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀, orí á fọ́, èèbì á tẹ̀lé e, iyè á dàrú. Kó mu ún bí òùngbẹ bá ṣe gbẹ ẹ́. Ẹ gbé ara yín lórí ìwọ̀n kẹ́ ẹ tó jáde àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ dé: kílò kan tó lọ, bíi lítà kan òógùn ni. Ẹni tó bá wúwo sí i ti mu àmujù. Tó bá sì ń lo oògùn tó ń mú ni tọ̀, kó bi dókítà ẹ̀ nípa àsìkò tó máa lò ó lọ́jọ́ eré gígùn. Kó má dá a dúró fúnra ẹ̀. Ibuprofen kó tó sáré, rárá o, kíndìnrín ló ń dà láàmú.

Ìyá Ìbejì: Oúnjẹ alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ eré ńkọ́? Ẹ̀bà dára, àbí?

Onísáré Ṣábọ̀: Ẹ̀bà dára, ẹ̀wà ni kí wọ́n fi sílẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, nítorí inú. Láàárọ̀, búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan, wákàtí méjì ṣáájú.

Ará Ìtamàgà: Bàtà wá ńkọ́?

Onísáré Ṣábọ̀: Ìrọ̀lẹ́ ni kí wọ́n lọ wọ̀ ọ́n wò, ẹsẹ̀ ti wú díẹ̀ nígbà yẹn. Àtàǹpàkò ọwọ́ gbọ́dọ̀ gba iwájú ọmọ ìka ẹsẹ̀ tó gùn jù. Ti ọmọ, kó fi eré gígùn kan tàbí méjì sínú oòrùn kí oṣù kejì tó dé, nítorí 42 ń gba orí afárá Third Mainland, kò sí igi kan níbẹ̀.