Ẹ wá sọ tiyín: ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ lórí ìtàn ní Lọ́ńdọ̀nù

Olùtọ́jú Alẹ́

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù ló ń gba iwájú Senate House kọjá ní Malet Street, tí wọn kò mọ̀ pé àwọn lè wọlé síbẹ̀. Ilé funfun gàgàrà tí Charles Holden ya àwòrán rẹ̀ yẹn, òun ni iléeṣẹ́ ìròyìn ìjọba lò nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Inú rẹ̀ ni Institute of Historical Research wà. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. F. Pollard ló dá ilé ìwádìí ìtàn náà sílẹ̀ ní 1921, inú ilé onípákó ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1921 yẹn kan náà ni ìwé ìtàn Yorùbá tí Àlùfáà Samuel Johnson kọ jáde, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti lo ogún ọdún nínú ibojì. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rántí pé ẹgbẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Èmi kò ka ìtàn ní yunifásítì. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, alẹ́ ni mo sì fi ń ṣe é, nítorí náà ọwọ́ mi máa ń dilẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Aago márùn-ún ààbọ̀ ni ọ̀pọ̀ sẹ́mínà wọn máa ń bẹ̀rẹ̀. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni èèyàn ti ń forúkọ sílẹ̀: orúkọ àti ímeèlì, ó parí. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá akẹ́kọ̀ọ́ ni mí. Ìwé ló yí ògiri yàrá tí a jókòó sí ká láti ilẹ̀ dé òkè, tábìlì ńlá wà láàárín, àwa náà sì jókòó yí tábìlì ká: àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin kan tó ṣì wọ aṣọ iṣẹ́ rélùwéè, àti àwa méjì tí a jẹ́ ọmọ Yorùbá.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà dá lórí àwọn lẹ́tà tí wọ́n ń kọ láti Èkó sí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, bẹ̀rẹ̀ láti 1861 tí Ọba Dòsùmú fọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn lẹ́tà náà ṣì wà ní The National Archives ní Kew, CO 147 ni àmì wọn. Olùbánisọ̀rọ̀ gbé ọ̀kan sójú ògiri fún wa wò. Lẹ́tà fúnra rẹ̀ kọ́ ló wọ̀ mí lára jù, ohun tí àwọn akọ̀wé ní Lọ́ńdọ̀nù kọ sí i kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá wọn ni. Ọ̀kan á ní kí wọ́n gbà fún gómìnà. Èkejì á kọ sábẹ́ rẹ̀ pé owó náà ti pọ̀ jù. Ẹ̀kẹta á ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná. Orí bébà kan náà ni wọ́n ti ń fa ọ̀rọ̀ ìlú wa bíi ẹni fa okùn, ìlú tí ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ wọn má tẹ̀ rí.

Ìgbà tó kan ìbéèrè ni mo mọ̀ pé n óò máa padà wá. Ìyá àgbà ọmọ Yorùbá tó jókòó lápá ọ̀tún mi nawọ́. Wọ́n ní, “Àwọn tí kò mọ̀ọ́kọ, tí wọ́n kàn fi àmì sí ìsàlẹ̀ ìwé ẹ̀bẹ̀ wọn, ta ló ka ìwé náà sí wọn létí kí wọ́n tó fàmì sí i? Ta ló sì ń sanwó fún ẹni tó kà á?” Olùbánisọ̀rọ̀ kò wá ọ̀rọ̀ sọ. Ó mú gègé, ó kọ ìbéèrè náà sílẹ̀, ó ní òun kò tíì wo ibẹ̀ yẹn, pé òun máa padà lọ yẹ orúkọ àwọn ẹlẹ́rìí wò. Ọ̀mọ̀wé tó ti fi ọdún gbọọrọ ka àwọn ìwé yẹn ni o!

Lọ́dọ̀ tiwa, bí ọmọdé bá bi àgbà pé “níbo lẹ ti rí i?”, àfojúdi ni. Níbẹ̀, ìbéèrè tí wọ́n ń retí gan-an nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kàn lọ jókòó kí ẹ sì dìde. Ẹ béèrè. Nínú ìtàn tiwa tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ohun kan wà tí àwa tí a gbọ́ èdè, tí a sì mọ bí ilé ọba ṣe rí, lè béèrè, tí kò ní wá sọ́kàn ẹlòmíràn.

Lẹ́yìn ìpàdé ni wọ́n ṣàlàyé fún mi pé ọ̀fẹ́ ni káàdì òǹkàwé ní Kew. Ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ àti ẹ̀rí àdírẹ́sì dání. Pẹ́ńsù nìkan ni wọ́n ń gbà láyè nínú yàrá ìkàwé, ẹ fi bírò sílé. Mo ti lọ. Mo ti fojú ara mi ka lẹ́tà Èkó.

Ará Birmingham

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Èmi kì í lè wá sí Lọ́ńdọ̀nù, orí Zoom ni mo ti ń gbọ́ tèmi. Láti 2020 tí àrùn Kòrónà dé ni ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí ti ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ó dára, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀. Níbì kan, olùbánisọ̀rọ̀ tẹrí mọ́ bébà, ó kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbójú sókè. Wọn kò sì gbé makirofóònù fún àwọn tó ń béèrè ọ̀rọ̀, ìdáhùn nìkan ni àwa tó wà nílé ń gbọ́. Ó dùn mí gan-an.

Ṣùgbọ́n ibi irú ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé Yunifásítì Birmingham níbí ni ìwé àwọn míṣọ́nnárì CMS wà. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó jẹ́ ọmọ Yorùbá kọ ohun tí ojú wọn rí ránṣẹ́ ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ó sì ṣì wà níbẹ̀, nítòsí ilé mi!

Ìyá Ìbejì

Èmi àti àwọn ọmọ mi, Gresham College là ń lọ, ní Barnard's Inn Hall ní Holborn. Oníṣòwò ni Thomas Gresham, ìwé ìhágún rẹ̀ ló dá a sílẹ̀, láti 1597 ni wọ́n sì ti ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́. Kì í ṣe ìtàn nìkan o, ìṣirò àti ìmọ̀ ìràwọ̀ náà wà. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni àwọn ìbejì, wọ́n sì ń gbọ́ ọ yé. Táíwò ti nawọ́ béèrè ọ̀rọ̀ rí láàárín àwọn àgbàlagbà, ìwúrí rẹ̀ kò tíì kúrò lára mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó di dandan kí èèyàn ti kàwé kí ó tó wá sí ti Senate House yẹn?

Olùtọ́jú Alẹ́

Rárá o, Ìyá Ìbejì. Àlàyé ṣókí tí wọ́n máa ń kọ sábẹ́ àkọlé, ẹ ka ìyẹn, ó tó. Àbúrò mi ní Birmingham, tẹ ìbéèrè rẹ sínú àyè ọ̀rọ̀ lórí Zoom kí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó parí, ẹni tó ń darí ìpàdé sábà máa ń kà á sókè.

Nǹkan máa ń dákẹ́ níbẹ̀ ní Oṣù Kẹjọ. Oṣù Kẹwàá ni ọdún ẹ̀kọ́ tuntun máa ń gbérasọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí a jọ lọ, kí ó sọ síbí, màá dúró dè yín níwájú ibùdókọ̀ ojú irin Russell Square.